Dàpọ̀, Má Tíì Fowó Brain Box Ránṣẹ́

Mushin, Èkó

Dàpọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Mo mọ̀ pé Túndé ti pè ọ́, mo sì gbọ́ iye tó bù lé ọ lórí. Jọ̀ọ́, má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Brain box hánbúréèkì jíìpù Màmá, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀, ò bàjẹ́. Wáyà ni, lẹ́yìn lápá òsì, lókè táyà níbi tó ti ń kúrò lára bọ́dì bọ́ sórí kálípà, irin tó ń fún páàdì búréèkì mọ́ díìsìkì. Ibi tó hàn síta ò gùn ju ìka kan lọ.

Màmá ń kí ọ. Wọ́n ní o ti rù nínú fọ́tò tó o fi ránṣẹ́, kí o yé fi búrẹ́dì sùn. Ìyàwó Bọ́dè bí obìnrin. Lándílọ́ọ̀dù ti tún fowó kún owó ilé. Ìyẹn náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ búréèkì gan-an. Tí ilẹ̀ bá gbẹ, bọ́tìnì hánbúréèkì ń ṣiṣẹ́, kò sí wàhálà. Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, Màmá á tẹ̀ ẹ́, iná pupa á máa ṣẹ́jú, ti ọ̀tún á dún gìrìrì tán lẹ́ẹ̀kan, ti òsì á máa wọ́ bí ẹni tí kò jẹun. Nígbà míì iná ABS, búréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há, á bá a tàn. Àìsàn tó ń bá òjò wá tó sì ń bá oòrùn lọ, ṣé inú brain box tó wà ní gbígbẹ nínú búùtù ló yẹ kéèyàn ti kọ́kọ́ wá a? Riwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀ tí Túndé pè, so sìkánà tó ń ka kóòdù àìsàn ọkọ̀ mọ́ ọn, ó rí kóòdù mọ́tọ̀ búréèkì ẹ̀yìn òsì, ó ní kí wọ́n lọ ra brain box. Kò tilẹ̀ tú táyà. Iná ABS yẹn ló yẹ kó ta á lólobó, torí wáyà sẹ́ńsọ̀ tó ń ka yíyí táyà àti wáyà hánbúréèkì jọ ń gba inú róbà kan náà kọjá lẹ́yìn jíìpù yẹn.

O ò tíì fọwọ́ kan irú hánbúréèkì yìí kí o tó lọ, nítorí náà fara balẹ̀. Kò sí okùn irin mọ́. Mọ́tọ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn kálípà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, wáyà méjì péré ló wọ inú rẹ̀. Tó bá fẹ́ di táyà, brain box á fi pọ́sítíìfù sí ọ̀kan, nẹ́gétíìfù sí èkejì; tó bá fẹ́ tú u, á yí wọn padà. Kò sí ohun tó ń sọ fún un pé páàdì ti mú díìsìkì, àfi iná tí mọ́tọ̀ ń fà. Bí páàdì ṣe ń mú ni áḿpù ń gòkè. Tó bá dé iye tó ń retí, á pa iná. Wàyí o, tí wáyà bá ti dógùn-ún, fóòtì tó ń dé ọ̀dọ̀ mọ́tọ̀ á dín, á máa yí jẹ́jẹ́, áḿpù ò sì ní dé ibi tó yẹ láàárín àkókò tí brain box fún un. Ó di ẹjọ́ nìyẹn. Á kọ kóòdù sílẹ̀, á tan iná; ìgbà míì á kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò dì mọ́.

Mítà ló ń ṣi àwọn èèyàn yìí lọ́nà. Wọ́n á yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n á yí mítà síbi tó ń dún, ó dún "píì", wọ́n á ní wáyà dáa. Dàpọ̀, irun bàbà kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù nínú wáyà ti tó láti mú mítà dún. Irun kan yẹn kọ́ ló máa gbé 10 áḿpù. 0.3 óòmù péré lórí wáyà, tí mítà ọwọ́ wa ò lè kà délẹ̀ torí okùn tirẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ti tó láti jẹ fóòtì 3 nígbà tí mọ́tọ̀ bá ń fa 10 áḿpù. Ìgbà tí iṣẹ́ bá wà lọ́rùn wáyà ni ká wọ̀n ọ́n.

Bátìrì la fi bẹ̀rẹ̀: 12.5 fóòtì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò tan, 14.1 nígbà tó tan. Ká ní ó wà nísàlẹ̀ 12 ni, mi ò ní dán nǹkan míì wò, torí bátìrì tó rẹ̀ nìkan lè mú kóòdù hánbúréèkì jáde. Fíúsì dáa, ibi tí wáyà áàtì ti so mọ́ bọ́dì náà mọ́. A ti wẹ́ẹ̀jì mọ́ táyà iwájú méjèèjì, a gbé ẹ̀yìn sórí sítáńdì. Abẹ́rẹ́ mítà kan wà lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì brain box, èkejì wà lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì kálípà, lórí wáyà kan náà, Túndé tẹ bọ́tìnì. Ti ọ̀tún, wáyà méjèèjì, fóòtì 0.1 ló ń sọnù lójú ọ̀nà. Ti òsì, ọ̀kan 0.1, èkejì 3.8! Ní tèmi, tó bá ti kọjá 0.5, wáyà ti bàjẹ́. Tí àmì àyọkúrò bá yọ lójú mítà, má jẹ́ kó dà ọ́ láàmú, brain box ló yí iná padà.

Ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo sọ pé kí abẹ́rẹ́ gbà wọlé o. Ẹni tó bá gún róbà wáyà láàárín ti ṣílẹ̀kùn fómi. Mo bá ihò irú ẹ̀ lára wáyà yìí, mi ò mọ ẹni tó gún un.

Tí èèyàn bá ń bẹ̀rù brain box, ó lè yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lójú méjèèjì, kó gbé iná bátìrì gba inú fíúsì 10 áḿpù wọ ìdí wáyà, kó so gílóòbù iwájú 55 wáàtì mọ́ orí kejì. Gílóòbù yẹn á fa bí áḿpù 4 ààbọ̀. Tó bá ń tàn bàìbàì, tàbí tó ń ṣẹ́jú nígbà tí wọ́n bá mi wáyà, ẹ̀rí ti dé. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má gbé iná bátìrì tààrà fún mọ́tọ̀ kálípà. Kò ní sí ẹni tó máa pa á nígbà tí páàdì bá ti mú. Jíà inú rẹ̀ á fọ́, tàbí kó dì pa. Riwáyà yẹn ti fẹ́ ṣe é, Màmá ló lé e kúrò nídìí ọkọ̀ torí ó ń mu sìgá.

Ẹjọ́ rẹ náà sì wà ńbẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì yín nígbà yìnyín ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kí jíìpù tó wọkọ̀ ojú omi. Omi títì Ìsàlẹ̀ Èkó àti gálọ́ọ̀pù ló bá a parí ẹ̀: wáyà ibẹ̀ ń tẹ̀ gbogbo ìgbà tí táyà bá fò, róbà rẹ̀ là, omi wọlé. Nígbà tí mo là á, bàbà ti di àwọ̀ ewé, ó sì ti bá inú róbà lọ jìnnà ju bó ṣe hàn lọ. Mo gé e tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kí n tó rí bàbà tó ń dán. Mo fi wáyà tó nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀ dípò, mo fi ẹ̀mú tẹ ìsopọ̀ rẹ̀, mi ò jó léèdì sí i, torí léèdì á mú un le, á sì ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ níbi tó ti ń tẹ̀. Ìsopọ̀ méjèèjì ò dojú kọra. Téèpù dúdú ló wà lórí wọn báyìí, mo sì mọ ohun tí ọ̀gá wa máa sọ tí wọ́n bá rí i. Omi á wọ abẹ́ téèpù yẹn láìpẹ́.

Èyí tó kù mí kù ni sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo fi contact cleaner fọ̀ ọ́, àmọ́ irin inú rẹ̀ ti jẹ, kò di ẹnu mọ́tọ̀ mú mọ́. Ní ọjà Làdípọ̀, èyí tí wọ́n gé lára ọkọ̀ tí wọ́n tú ni wọ́n ń tà, iyọ̀ kan náà ló ti jẹ wọ́n wá. Bá mi rà á lọ́dọ̀ yín, èyí tó ní ìrù wáyà lára, fi VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ jíìpù, béèrè. Ra méjì, ti ọ̀tún náà ti mu iyọ̀. Fi róbà tí iná ń mú súnkì kún un, 6 mm, èyí tó ní gọ́ọ̀mù nínú. Èyí tí kò ní gọ́ọ̀mù ò wúlò fún mi. Ẹ̀gbọ́n Bọ́dè ń bọ̀ nílé, ó lè bá wa mú un. Tó bá ti dé, màá so ó, màá pa kóòdù rẹ́, màá fi sìkánà tún hánbúréèkì tò, ó parí.

Ti Túndé, má bá a jà. Ó jọ pé ó ti san àsansílẹ̀ fún ọkùnrin yẹn, ìdí nìyẹn tó fi ń sáré. Mi ò tíì sọ fún Màmá.

Màmá gan-an ló ń kọ mí lóminú. Wọ́n ṣì ń gbé jíìpù yẹn gba Afárá Èkó lọ Ìdúmọ̀tà. Nínú gósìlóò wọ́n máa ń fi auto hold dúró, kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí búréèkì. Tó bá pẹ́, hánbúréèkì yìí kan náà ló máa ń gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ búréèkì ẹsẹ̀. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa auto hold, kí wọ́n má páàkì síbi tó rọ́ gẹ̀rẹ́, kí wọ́n fi wẹ́ẹ̀jì ti táyà. Wọ́n ní èmi ni mo ń dẹ́rù ba àwọn. Ìwọ ni wọ́n ń gbọ́ tìẹ. Pè wọ́n kó tó di ọjọ́ Ajé, ọjà wọn ń dé lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ti ní jíìpù làwọn máa gbé.

Èmi ni,
Ṣẹ̀yẹ