Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi lórí ilẹ̀ Àbújá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí fọ́tò ìwé ilẹ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ẹ ní kí n mú ìdajì owó wá ká jọ rà á. Ẹ má bínú sí mi, n kò ní mú un wá.

Mo lọ wo ibẹ̀ ní Sátidé. Ẹni tó ń bá wọn tà á sọ fún mi pé gíríìnì éríà ni tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún igi àti koríko láìkọ́lé sí, pé wọ́n ti yí i sí ilẹ̀ ilé gbígbé, ọ̀gá ti buwọ́ lù ú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti dá. Igi máńgòrò méjì ló wà níbẹ̀. Obìnrin kan ń dín másà lábẹ́ ọ̀kan, àwọn oníkẹ̀kẹ́ sì ń sùn lábẹ́ ìkejì. Odò kékeré kan wà lẹ́yìn wọn, ọ̀gbẹlẹ̀ ti fà á gbẹ. Ẹ jẹ́ kí oṣù kẹjọ dé ná! Àwọn tó ya àwòrán ìlú yìí ní 1979 mọ ìdí tí wọ́n fi fi etí irú odò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìkọ́lé sí.

N kò sọ pé ayédèrú ni ìwé yẹn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ó lè jẹ́ ojúlówó. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ilẹ̀ Àbújá, mínísítà ló ń bá wọn pín in. Bírò tí wọ́n fi kọ gíríìnì sórí àwòrán náà ni wọ́n lè fi pa á rẹ́.

Ṣé ẹ rántí bí Ìyá Àgbà ṣe ń di ọwọ́ wa mú ṣinṣin tí a bá ti dé etí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo? A ò gbọdọ̀ ṣẹ́gi, a ò gbọdọ̀ pẹja. (Ẹ̀yin lẹ ju òkúta sódò lọ́jọ́ yẹn, èmi ni wọ́n nà.) Igbó náà tó hẹ́kítà 75. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1965, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ti ń ṣọ́ ọ kí ìwé tó dé. Ìyá Àgbà ní kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó lè jí láàárọ̀ kó tú èèwọ̀ yẹn.

Ẹ ó sọ pé a ò mọ bí a ṣe ń di òfin pinpin ní Nàìjíríà, kó má rọrùn láti tú. A mọ̀ ọ́n. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, tó kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, wọ́n so ó mọ́ òfin ìpìlẹ̀ 1999. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà gbọ́dọ̀ rí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ní ilé méjèèjì l'Ábújá, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 tún fọwọ́ sí i. Agbára àtipín ilẹ̀ ni wọ́n dì tó báyẹn o. Igi máńgòrò kò rí ẹni dì í.

Irú ìdì yẹn gan-an ni mo ń fẹ́ fún gíríìnì éríà: kí ààlà ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú òfin, kí mínísítà kankan má lè dá yí i padà, kí ará àdúgbò tí kò ní ju àga ìjókòó lábẹ́ igi lè pe ìjọba lẹ́jọ́. Ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú òfin ìpìlẹ̀ wọn láti 1894 pé igbó ìjọba ní àwọn òkè Adirondack àti Catskill yóò máa jẹ́ igbó títí láé. Títí dòní, wọn ò lè tú u láìjẹ́ pé ará ìlú dìbò sí i.

Owó mi ṣì wà nílé. Tí ẹ bá rí ilẹ̀ ní Kuje tàbí Gwagwalada tó jẹ́ ti ilé gbígbé láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ pè mí, kódà ní òru.

Mo ra másà lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Ó bi mí bóyá mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò ni. Mo ní rárá, mo kàn ń kọjá lọ ni.

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ.

Àbúrò yín