Ooru òru kọ́ ni ibà ní gbogbo ìgbà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Kétu níbí, bí obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún bá ń jí lóru tí òógùn ti rin aṣọ rẹ̀ gbindin, "ibà ni" lẹ́nu gbogbo ilé. Á lo oògùn ibà, ooru á tún dé, á tún ra òmíràn lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Owó ń lọ, oorun kò wá.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà ná. Bí kò bá sí ibà, tí ooru náà ń ti àyà gùn dé ọrùn àti ojú, tó ń rọlẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, tí nǹkan oṣù sì ti ń ṣe ségesège, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nǹkan oṣù ló ń múra àtidáwọ́ dúró. Láàárín ọmọ ọdún 45 sí 55 ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde mọ́ ló ń kóra jọ sínú ikùn, kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ẹyin ni kò pèsè estrogen, èròjà ara obìnrin, tó mọ́. Àìtó rẹ̀ náà ló ń mú ojú ara gbẹ. Bí ìyàwó bá ń sá fún ibùsùn nítorí ìrora tí gbígbẹ yìí ń fà, kí ọkọ má ṣe rò pé ó ti ní ẹlòmíràn.

Ẹni tí ooru yìí ò jẹ́ kó gbádùn lè gba oògùn tó ń rọ́pò estrogen. "Estradiol" lẹ máa rí lára páálí. Ibi tí ewu wà rèé: ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà kò gbọdọ̀ lo estradiol nìkan. Á mú kí awọ inú ilé ọmọ máa nípọn, ó sì lè di jẹjẹrẹ. Progestérone, oògùn kejì tí a ń lò mọ́ ọn, ló ń dá a dúró, alẹ́ la sì ń lo oníhóró rẹ̀ torí ó ń mú oorun wá.

Estradiol tí a ń lẹ̀ mọ́ra, ìsàlẹ̀ ikùn tàbí ìdí ni, kì í ṣe ọmú. Ẹ má fi òrí pa ibẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ṣí, ooru á padà, wọ́n á ní oògùn ò ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ la ń pààrọ̀ rẹ̀, síbi tuntun.

Ìwádìí Amẹ́ríkà kan lórí irú oògùn yìí tí wọ́n dá dúró ní 2002 ló dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn obìnrin inú rẹ̀ ti tó ọmọ ọdún 63 ní ìpíndọ́gba. Òótọ́ ni pé lílo oògùn méjèèjì pa pọ̀ fún ọdún púpọ̀ ń fi díẹ̀ kún ewu jẹjẹrẹ ọmú. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí kò tíì pé 60, tí ara rẹ̀ le, àǹfààní rẹ̀ sábà máa ń jù ewu lọ. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú, ẹ̀jẹ̀ dídì tàbí rọpárọsẹ̀ rí, kó má dàn án wò láìrí dókítà.

Bí oṣù 12 bá kọjá láìrí nǹkan oṣù, tí ẹ̀jẹ̀ wá yọ, bó ṣe ẹ̀kán kan péré, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ lọ́sẹ̀ náà. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ rí i sílẹ̀, kẹ́ ẹ mú un dání.

Àwa agbẹ̀bí kan,
Kétu