Lẹ́tà sí Bùkọ́lá ní Ìjẹ̀bú-Òde

Bùkọ́lá, àbúrò mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Bá mi kí Màámi kú ọjà Òkè-Àjé. Ara tiwa náà le, a dúpẹ́.

Lórí medical office administration, ìyẹn iṣẹ́ ọ́fíìsì dókítà, tí o béèrè pé o fẹ́ wá kà ní Amẹ́ríkà níbí, kọ́kọ́ ṣàlàyé fún Màámi pé kì í ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹni tó kà á kì í gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Òun ló ń gba aláìsàn lálejò, tó ń fún un lọ́jọ́ tí yóò rí dókítà, tó ń tọ́jú fáìlì orí kọ̀ǹpútà, tó sì ń kọ̀wé owó ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì.

Sátífíkéètì rẹ̀ ní community college, ilé-ìwé gíga ọlọ́dún méjì, máa ń gbà tó ọdún kan. Associate degree jẹ́ ọdún méjì, bíi kírẹ́díìtì 60. Bó bá jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, lo bá wá, kírẹ́díìtì 12 ló kéré jù ní sáà kan. Lọ́dún kìíní, inú ọgbà ilé-ìwé nìkan lo ti lè ṣiṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ lọ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Má gbọ́kàn lé owó yẹn láti fi san owó ilé-ìwé, kò lè ká a.

Medical terminology, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ ìṣègùn, ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró, torí wọ́n ń há ọ̀rọ̀ sórí lódindi. Gé e sí wẹ́wẹ́. Nephr ni kíndìnrín. -Itis, ibi tó wú tó ń gbóná. -Ectomy, gígé nǹkan kúrò. Hyper, ó ti pọ̀ jù. Hypo, kò tó. Ẹni tó bá kọ hypo níbi tó yẹ kó kọ hyper ti sọ ẹlẹ́jẹ̀ ríru di ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kóòdù, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sórí ìwé owó. ICD-10-CM ni ti àìsàn, CPT ni ti ohun tí dókítà ṣe. I10 ni ẹ̀jẹ̀ ríru: lẹ́tà I ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà 1. Ní ti CPT, 99203 wà fún aláìsàn tuntun, 99213 fún ẹni tó ti ń wá. Bí dókítà náà, tàbí ẹlòmíì tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì kan náà, bá ti rí i láàárín ọdún 3, kì í ṣe tuntun mọ́.

Ohun kékeré ló sábà ń dá ìwé owó padà. Osinowo wà lára káàdì ínṣọ́ránsì, akọ̀wé tẹ Oshinowo. Oṣù ni wọ́n sì ń kọ ṣáájú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà: 03/07 níbí ni ọjọ́ 7 oṣù Kẹta, nílé wa ọjọ́ 3 oṣù Keje ni. Iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì tún lè kọ̀ láti sanwó bí ọ́fíìsì kò bá gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó ya MRI, ìyẹn àwòrán inú ara. Ìwé owó ti Medicare, ínṣọ́ránsì ìjọba tó wà fún àwọn àgbàlagbà ní pàtàkì, gbọdọ̀ dé láàárín ọdún kan sí ọjọ́ ìtọ́jú.

Òfin HIPAA ti 1996, tó ní kí a pa àṣírí aláìsàn mọ́, náà wà. Bí o bá rí ará Ìjẹ̀bú-Igbó kan ní ọ́fíìsì, o kò gbọdọ̀ délé sọ pé o rí i. Mo mọ̀ pé ìyẹn á ṣòro fún àwa tí wọ́n kọ́ láti máa béèrè àlàáfíà ara wa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ lè bọ́ lórí rẹ̀.

Ní báyìí, kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà láìwo ọwọ́. Wo orúkọ rẹ lórí WAEC àti páàsípọ́ọ̀tù, lẹ́tà dé lẹ́tà. Bí wọ́n bá yàtọ̀, tún un ṣe kí o tó san kọ́bọ̀ kan fún fọ́ọ̀mù, kí o sì ya fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Adéọlá