Ẹ Dá Epo Padà Sínú Páìpù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Takisí ni mò ń wà n'Ìbàdàn, Àpáta tí dípò epo ìjọba wà ni mo sì ń gbé.

Kànga kan ló mú mi kọ̀wé yìí. Lóru ọjọ́ kan nígbà òjò, bíréèkì ọkọ̀ agbépo kan kọ̀ ní àdúgbò wa, ọkọ̀ náà sì dojú dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọlọ́run yọ wá, kò gbiná. Àmọ́ epo ya wọ gọ́tà, ó ṣàn mọ́jú, ilẹ̀ sì fà á mu. Ìyá tó ń fi omi kànga sẹ́ ògì lẹ́yìn ilé wa kò fura. Lọ́jọ́ kẹta ni àwọn oníbàárà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ògì padà wá, wọ́n ní ó ń rùn bẹntiróòlù. Èmi fúnra mi fa omi kànga náà wò. Nǹkan ń dán lójú omi bí òṣùmàrè, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo imú. Ẹni tó ni ọkọ̀ wá wọ́ irin rẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó bi ìyá léèrè nípa omi kànga rẹ̀. Benzene wà nínú bẹntiróòlù, ó sì wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ta ló máa yẹ omi yẹn wò fún wa?

Bẹ́ẹ̀, láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ri páìpù epo láti èbúté Atlas Cove l'Ékòó wá sí Mosimi nítòsí Ṣágámù, láti ibẹ̀ wá sí Ìbàdàn, títí dé Ìlọrin. Lónìí, ọkọ̀ ló ń ru ọ̀pọ̀ epo tí à ń lò láti Èkó. Lítà bẹntiróòlù kan wọ̀n tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kílò. Ọkọ̀ tó bá gbé 60,000 lítà, epo inú rẹ̀ nìkan tó nǹkan bí 45 tọ́ọ̀nù, a ò tíì ka irin ọkọ̀ mọ́ ọn. Kòtò tó gbẹ́ sójú títì ni mò ń kó sí tí mo fi ń pààrọ̀ ṣọ́kì. Owó dísù àti táyà rẹ̀ wọ orí lítà epo. Èmi gbé e lé èrò lórí, ológì gbé e lé orí ògì.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, iná ọkọ̀ agbépo pa ènìyàn tó lé ní 150 ní Majiya, ìpínlẹ̀ Jigawa. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ó tún pa èyí tó lé ní 80 nítòsí Suleja. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń bu epo. Mi ò ní bú wọn. Epo tí kò tó 200 náírà ṣáájú 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ti kọjá 1,000 náírà nígbà náà. Ìṣẹ́ ló gbé kẹ́ẹ̀gì lé wọn lọ́wọ́.

Àjọ NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń ṣe àbójútó títa àti gbígbé epo, ti ní kí ọkọ̀ tó ń gbé ju 60,000 lítà lọ má ru epo mọ́ láti oṣù kẹta ọdún 2025. Ilé ìfọpo Dangote náà kéde 4,000 ọkọ̀ tó ń lo gáàsì, èéfín á sì dín kù. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú títì kan náà ni wọn yóò máa gbà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní àwọn tó ń lu páìpù ńkọ́. Mi ò gbàgbé Abúlé Ẹ̀gbá, 26 oṣù kejìlá ọdún 2006, níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ti jóná. Ní Arepo lọ́dún 2012, wọ́n pa àwọn òṣìṣẹ́ tó lọ tún páìpù ṣe. Síbẹ̀, bí olè bá fọ́lé, ilẹ̀kùn là ń tún ṣe, a kì í kó lọ sùn sójú títì. Kí wọ́n hú páìpù ògbólógbòó yẹn, kí wọ́n ri tuntun jìn sílẹ̀, kí wọ́n sì gba àwọn ọ̀dọ́ abúlé tó gbà kọjá láti máa ṣọ́ ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi àwọn aṣòfin wa l'Ábújà ọdún tí epo máa tún gba inú páìpù dé Àpáta. Kí ẹ sì rán akọ̀ròyìn kan wá. Tó bá ti sọ̀ ní Dùgbẹ̀, kó pè mí. Mi ò ní gba kọ́bọ̀, màá gbé e dé ìdí kànga náà. Páànù ni ìyá fi bò ó báyìí.

Èmi ni tiyín,
Awakọ̀ takisí kan,
Àpáta, Ìbàdàn.