Lẹ́tà sí Àjàní, ẹni tó pé ọdún kan nínú iṣẹ́ díákónì Ìjọ Kátólíìkì

Àjàní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ. Ara mi le, àfi orúnkún òsì tó ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ti kó lọ sílé tuntun. Owó tí o fi ránṣẹ́ dé, o ṣeun, ṣùgbọ́n ohùn rẹ ni mo ń wá. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn jò, mo ti pe ẹni tó tún un ṣe. N ó padà sórí ọ̀rọ̀ òrùlé yẹn.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ gbẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú méjì la lò lórí fóònù lọ́jọ́ náà. O ní wọ́n ń dúró dè ọ́ níbi ìrìbọmi, o ní o máa pè mí padà. Mi ò tìtorí pé o ò pè kọ lẹ́tà yìí. Ẹnì kan tó mọ̀ wá dáadáa ló sọ fún mi pé ẹ̀yìn pátápátá ni ìyàwó rẹ ń dá jókòó sí báyìí lọ́jọ́ Àìkú, òun àti àwọn ọmọ, àti pé ó máa ń kó wọn jáde kí Máàsì tó parí. Ó ní nígbà tí wọ́n bi àbíkẹ́yìn rẹ pé bàbá rẹ̀ dà, ọmọ náà ní, "Dádì ń gbé ní ṣọ́ọ̀ṣì." Ẹni tó ń sọ ọ́ fún mi rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Àjàní, ṣé òótọ́ ni?

Mo wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá nígbà tí o dojú bolẹ̀ níwájú pẹpẹ, tí wọ́n ń kọ Lítánì Àwọn Ènìyàn Mímọ́ lé ọ lórí. Mo rí Bíṣọ́ọ̀bù nígbà tó gbé ọwọ́ lé ọ, tó gbé Ìwé Ìhìn Rere fún ọ, tó ní kí o gba ohun tí o bá kà gbọ́, kí o fi ohun tí o gbà gbọ́ kọ́ni, kí o sì máa hu ohun tí o fi kọ́ni níwà. Wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún èmi náà rí, ṣùgbọ́n tìrẹ ló mú omijé bọ́ lójú mi. Wọ́n sì ń sọ fún mi pé ìwàásù rẹ kì í gùn, pé bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán níṣẹ́ lo ṣe ń ka Ìhìn Rere. O káre. Orí mi wú.

Ṣùgbọ́n ta ló wà nílé?

Mo mọ bí ọdún àkọ́kọ́ ṣe ń dùn. Ó lè gbé ènìyàn lọ bí omi. Wọ́n bímọ, wọ́n ní kí o wá ṣe ìrìbọmi. Àwọn méjì fẹ́ ṣègbéyàwó, ìwọ ni wọ́n fẹ́ kó jẹ́ ẹlẹ́rìí Ìjọ. Ẹnì kan kú, ìwọ ni wọ́n pè sí ibojì. O ò lè sọ pé rárá, torí o rò pé Ọlọ́run ló ń pè. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta mi, ara mi ti rẹ̀ débi pé mo dúró síbi ìsìnkú ìyá àgbà kan, mo fi orúkọ àbúrò rẹ̀ pè é, àbúrò tó jókòó síwájú mi láàyè. Ojú obìnrin yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Máa kọ orúkọ òkú sórí ìwé pélébé, kí o fi há inú ìwé ìsìn rẹ, bí o tilẹ̀ mọ ẹni náà láti kékeré.

Ohun mìíràn tún wà tí wọn kì í sọ fún wa tó. Ohun tí ọwọ́ díákónì ò tó máa ń dùn ún. O lè wàásù, o lè gbé Ara Olúwa lọ fún aláìsàn. O ò lè rú ẹbọ Máàsì, o ò lè gbọ́ ìjẹ́wọ́, o ò sì lè fi òróró mímọ́ kun ẹni tó ń kú lọ. Ọkùnrin kan di ọwọ́ mi mú lóru lórí ibùsùn rẹ̀, ó ní òun fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Mo ní, "Ẹ dákun, kì í ṣe èmi, ẹ jẹ́ kí n pe Fadá." Fadá dé, ó bá a láàyè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo àkókò tí a fi ń dúró yẹn, ó ń wò mí, mi ò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju ọwọ́ tí mo fi di tirẹ̀ mú. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ ẹni méjì, bí ẹni pé eré sísá lè dí àlàfo yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti ń sá kúrò nílé, mi ò sì mọ̀ pé sísá ni mò ń sá.

Tún ka orí kẹfà Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Kí ni wọ́n torí rẹ̀ yan Sítéfánù àti àwọn mẹ́fà yòókù? Àwọn opó ni, tí wọ́n fojú fò dá nígbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́. Iṣẹ́ wa ti ara opó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù nìyí, mi ò lè pa á mọ́ra: kí ìyàwó rẹ má di opó nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè, tó ń fi aṣọ funfun rìn níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ọjọ́ Àìkú.

Má sọ fún mi pé bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Fílípì wà lára àwọn méje yẹn, ó sì ní ilé ní Kesaríà, ilé tó gba Pọ́ọ̀lù lálejò. Ó ní ọmọbìnrin mẹ́rin tí wọ́n ń sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ta ló kọ́ wọn? Mi ò gbà pé ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Láti ọdún 1967 tí Póòpù Pọ́ọ̀lù Kẹfà ti tún ṣí ọ̀nà iṣẹ́ díákónì sílẹ̀ fún ọkùnrin tó ti gbéyàwó, òfin ò yí padà: ó gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 35, ìyàwó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí ìyàwó bá kọ̀, ó parí. Ọwọ́ ìyàwó rẹ ló kọ́kọ́ wà lórí ọ̀rọ̀ yìí kí ọwọ́ Bíṣọ́ọ̀bù tó dé orí rẹ. Ṣé o ti gbàgbé ni? Àbí o rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fọwọ́ sí i? Ojoojúmọ́ ló ń fọwọ́ sí i, Àjàní. Ọjọ́ tó bá sú u, kò ní kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni.

Mo ń bá ọ wí, bẹ́ẹ̀ ni èmi gan-an ni mo yẹ kí wọ́n bá wí. Jẹ́ kí n sọ ọ́.

O ń lọ sí ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà. Màmá rẹ fẹ́ lọ gba èsì àyẹ̀wò tó ṣe, ó ní, "Ṣé ẹ lè bá mi lọ?" Ìsìnkú wà nílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ní àwọn ẹbí olóògbé ń dúró dè mí. Fadá méjì ló wà ní páríṣì wa, ọ̀kan nínú wọn ìbá ṣe é bí mo bá sọ̀rọ̀. Mi ò sọ̀rọ̀. Ó dá lọ. Nígbà tí mo wọlé lálẹ́, ó gbé oúnjẹ fún mi, ó bi mí pé ṣé ìsìnkú náà lọ dáadáa, mo sì ròyìn rẹ̀ fún un, títí dórí orin tí wọ́n kọ. Ìgbà tí mo jẹun tán ni mo tó rántí bi í léèrè. O bi mí lálẹ́ yẹn pé kí ló dé tí màmá ń sunkún ní kíṣìnnì. Mo ní kí o lọ ka ìwé rẹ. Dárí jì mí fún èyí náà.

Ọdún mẹ́rin ló tún lò. Kò fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn bú mi rí. Mo ti jẹ́wọ́ rẹ̀ fún àlùfáà, mo ti gba ìdáríjì, ṣùgbọ́n mi ò bẹ obìnrin náà fúnra rẹ̀. O mọ òfin wa, pé díákónì tí ìyàwó rẹ̀ bá kú kì í fẹ́ òmíràn, àfi tí Róòmù bá yọ̀ǹda. Mi ò béèrè. Ta ni mo fẹ́ béèrè fún?

Lọ bá Fadá tó ń ṣe àkóso páríṣì yín, sọ fún un pé o fẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní pè ọ́. Nígbà tí o bá sì rí àyè, bọ́ aṣọ yẹn, lọ jókòó ti ìyàwó rẹ níbi Máàsì kan, kí o gbé àbíkẹ́yìn rẹ lé itan.

Ọ̀rọ̀ òrùlé. Omi kán sórí àpótí màmá rẹ, mo kó ẹrù inú rẹ̀ síta kó gbẹ. Mo rí ìwé kan níbẹ̀ tí mi ò rí rí. Lẹ́tà tó kọ sí Bíṣọ́ọ̀bù nígbà tèmi ni, èyí tó kọ́kọ́ kọ kó tó dà á kọ. Ó ní òun gbà tọkàntọkàn. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ gbólóhùn kan, ó sì fi bírò fa ìlà lé e, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé kà: "Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà á tán lọ́wọ́ wa." Kò sí gbólóhùn yẹn nínú èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù gbà. Mo mọ̀, torí èmi ni mo mú un lọ, mo sì kà á lójú ọ̀nà, inú mi ń dùn.

Mo ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, òun ló wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Má fi wàásù. Gbé e fún ìyàwó wa, kí o jókòó tì í títí yóò fi kà á tán. Lẹ́yìn náà, bi í pé kí ló wà nínú tirẹ̀ tó fa ìlà lé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ