Ìpè sí Gbogbo Ọmọ Ìlú Nílé àti Lẹ́yìn Odi: Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ogun Kírìjì Wa Kò Gbọdọ̀ Kú Sórí Òpó

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa àtàtà, nílé, l'Ékòó, n'Íbàdàn, l'Ábújá àti lókè òkun,

A kí yín kú iṣẹ́, a sì kí yín kú ìnáwó ọdún. Gbogbo wa ni a jọ fọwọ́ sí kíkọ́ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ogun Kírìjì, ogun tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ (àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó para pọ̀) bá ara wọn jà, nípàdé gbogbogbòò, nítorí náà a kò ní tún bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ rò fún yín. Ohun tí ó mú wa kọ ìwé yìí ni pé iṣẹ́ ti dúró. Láti ìgbà tí a ti da líntẹ̀lì, kò sí bíríkìlà kan tí ó tún gun àkàbà níbẹ̀. Irin tí ó yọrí sókè lára àwọn òpó ti dípẹtà, àgbàdo ti hù nínú gbọ̀ngàn tí a fẹ́ to àwọn ìbọn sí, àwọn ewúrẹ́ sì ti sọ yàrá tí a yà sọ́tọ̀ fún ìwé àti àwòrán di ibùsùn. Ẹni tí ó bá wálé fún ìsìnkú lọ́sẹ̀ tó kọjá á ti rí i, nítorí ẹ̀bá ibẹ̀ ni gbogbo mọ́tò ń gbà wọ ìlú.

A mọ̀ pé àwọn kan ń béèrè lábẹ́lẹ̀ pé ibo ni owó tí a kọ́kọ́ dá wọlé sí. Ìbéèrè náà kò burú. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé ìdí ìnáwó àti orí fóònù ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀, wọn kì í béèrè rẹ̀ nípàdé tí akápò ti ń gbé ìwé ìṣirò sórí tábìlì, tí ó sì máa ń gbé e padà sílé láìsí ẹni tí ó ṣí ojú ewé kan nínú rẹ̀. Inú ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú owó náà wà. Apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà rọ̀ ju bí a ti rò lọ, ìpìlẹ̀ ibẹ̀ sì gbé sìmẹ́ǹtì àti irin mì kí búlọ́ọ̀kù kan tó yọjú sókè. Ọgbà ni a tún mọ yí i ká, nítorí bí a kò bá mọ ọ́n, ẹlòmíràn ìbá ti fi òkúta ààlà tirẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, tí náírà sì já wálẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ́lé láàárín wa mọ ohun tí owó sìmẹ́ǹtì dà láti ìgbà náà. Ní ti agbaṣẹ́ṣe tí kò parí iṣẹ́ tí ó gbowó rẹ̀, a ti gba díẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyókù sì wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò ẹgbẹ́. Kò sí ọmọ ìgbìmọ̀ kan tí ó fi kọ́bọ̀ nínú owó náà gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wa ṣì ń retí owó mọ́tò tí wọ́n ná láti àpò ara wọn, wọn kò sì fi ìyẹn pariwo.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ tí ó kàn wá. Nígbà tí àwọn ọba àti balógun tọwọ́ bọ àdéhùn àlàáfíà ní 1886, lẹ́yìn tí àwọn àlùfáà Kristẹni méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ti rìn títí láàárín ibùdó méjèèjì láti bá wọn làjà, ìlú mẹ́rin ni àdéhùn náà dárúkọ pé kí ó wà lọ́wọ́ Ìbàdàn: Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ìlú náà, kí ó kó ẹrù rẹ̀ kí ó sì lọ máa gbé ibòmíràn. A wà lára àwọn ìlú wọ̀nyẹn. Àwọn ìlú mìíràn fi ọmọ ogun ránṣẹ́. Ní tiwa, oko wa ni ogun tẹ̀dó sí, ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n sì ti fa ààlà. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ ọ́ láìbẹ̀rù pé kò sí ìlú tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí tọ́ sí ju ìlú wa lọ. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, fúnra rẹ̀ kú sí ibùdó ogun ní 1885, kò padà rí Ìbàdàn mọ́. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn yìí lónìí, ta ni a ó mú un lọ bá? Àwọn bàbá tí ó lè nawọ́ sí ibi tí yàrà gbà kọjá kò pọ̀ mọ́, àwọn tí ó kù kò sì lè gòkè lọ sí odò Fẹ́jẹ̀bójú pẹ̀lú àlejò mọ́.

Ẹ sì rántí ohun tí àwọn ìhà kejì ṣe. Èkìtìparapọ̀ ní ọmọ l'Ékòó nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ní lónìí. Àwọn ọmọ náà kóra jọ sí ẹgbẹ́, J. P. Haastrup sì wà lára àwọn aṣáájú wọn. Wọ́n dáwó, wọ́n ra ìbọn ìgbàlódé tí a ń ki láti ìdí, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé, olórí ogun wọn, àti àwọn èèyàn rẹ̀ lójú ogun, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó dojú kọ wọ́n ṣì ń ki ṣakabùlà láti ẹnu. Ìró ìbọn ogun náà ni ó bí orúkọ Kírìjì. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Kò sí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó nígbà náà, ojú ọ̀nà kún fún ewu, ẹni tí ó gbé ẹrù kò sì mọ̀ bóyá òun á dé ibi tí òun ń lọ. Síbẹ̀, ìdáwó àwọn ọmọ Èkó délé. Lónìí tí a lè fi fóònù sanwó láti orí bẹ́ẹ̀dì, owó òrùlé kò tíì délé. Ìró ìbọn ni wọ́n dáwó fún o, àwa kàn ń bẹ̀bẹ̀ fún páànù ni.

Àwọn ìlú tí a jọ wà kò sùn. Èrèjà ni ère Ògèdèǹgbé dúró sí n'Iléṣà. Òkèmẹ̀sí ń fi Fábùnmi, akọni wọn nínú ogun náà, yangàn, kò sí ọmọdé ibẹ̀ tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìlú kékeré ni Ẹ̀siẹ́, ṣùgbọ́n láti 1945 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti wà níbẹ̀ fún àwọn ère òkúta wọn, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Òṣogbo gba orúkọ lọ́dọ̀ UNESCO ní 2005 nítorí igbó Ọ̀ṣun, ẹ sì mọ èrò tí ń wọ́ lọ síbẹ̀ lóṣù Ògọ́sì. Ogun abẹ́lé parí ní 1970. Ní 1985, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ti ṣí l'Úmùáhíà. Ọdún 1893 ni ìjà tiwa parí pátápátá, a sì ṣì wà lórí líntẹ̀lì.

Ohun tí ó ń kó ìpayà bá wa jù ni àwọn ẹrù tí a fẹ́ kó síbẹ̀. Ìbọn ṣakabùlà kan wà ní agbolé kan tí a lọ, abẹ́ ibùsùn ni wọ́n ti fà á yọ, tí wọ́n fi àkísà ìró wé e; ikán ti jẹ ìdí igi rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ẹnu irin rẹ̀ ṣì dán níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú. Wọ́n ní àwọn kò ní gbé e fún wa àfi bí ilé bá ti ní òrùlé àti kọ́kọ́rọ́, a kò sì lè bá wọn jà. Ní agbolé mìíràn, a pẹ́ dé. Àwọn tí ń ra àlòkù irin kiri ti fi òṣùwọ̀n wọn ìbọn náà pọ̀ mọ́ àwo irin àti ìkòkò jíjò, wọ́n sì ti gbé e lọ.

Ní ti àwọn tí ó ṣèlérí tí wọn kò tíì san, a kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn mọ ara rẹ̀. Àwọn kan gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, onílù kì wọ́n dé orí ìran kẹrin, wọ́n sì tún fi kún iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá. Owó onílù wọlé lójú ẹsẹ̀, ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣì wà lẹ́nu. Àwọn kan ń dúró de ìgbà tí owó ilẹ̀ òkèèrè á ṣe déédéé. Àwọn mìíràn ní àwọn ń wò ó kí àwọn tí ó lówó jù kọ́kọ́ san, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ó lówó jù náà ń wò wọ́n. Àwọn ìyá ẹlẹ́lùbọ́ àti alátà ọjà wa, tí kò sí ẹni tí ó kì wọ́n, ti san tiwọn pé. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí àwọn ìyá wa máa bi wá léèrè pé àwọn ọmọ tí àwọn fi owó èlùbọ́ rán lọ sílé ẹ̀kọ́ dà. Iye tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ra aṣọ ẹbí lọ́dún tó kọjá ju ohun tí a ń béèrè lọ, aṣọ náà kò sì tíì gbó.

Ìdáwó: ọkùnrin, ₦50,000, obìnrin, ₦30,000, ọ̀dọ́ tí ó ti ń ṣiṣẹ́, ₦10,000, ará òkè òkun, £100 tàbí $150. Àkáǹtì ẹgbẹ́ kò yí padà, nọ́ńbà rẹ̀ wà lára káàdì ìdáwó yín. Ẹ kọ orúkọ àti agbolé yín sí i bí ẹ bá ń sanwó. Ẹ lè san án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni lówó lọ́wọ́ láìgba rìsíìtì, ìbáà ṣe ọmọ ìgbìmọ̀.

Ìparí oṣù Fẹ́búárì ni gbèdéke, kí àwọn káfíńtà lè gun òkè kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ní Ọjọ́ Ìlú, a ó ka orúkọ àwọn tí ó san ní agbolé kọ̀ọ̀kan. Agbolé tí kò bá ní orúkọ kankan lábẹ́ rẹ̀, a ó pe agbolé náà, a ó dúró díẹ̀, a ó sì kọjá sí èkejì.

Àwa ni tiyín nínú iṣẹ́ ìlú,
Ìgbìmọ̀ Alákòóso, Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìlú