Ẹ gbà wá lórí igi ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìwé

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ igi ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín.

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó gba ẹ̀yìn ilé ìwé lọ sí ọjà. Àwọn òbí wa ló gbin gbogbo igi tó wà létí rẹ̀. Ọmọdé ni mí nígbà tí Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ìyá mi, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà rẹ̀, dáwó ra ọmọ igi máńgòrò àti fúrúùtù, tí àwọn ọkùnrin sì gbẹ́ ihò. Pèrègún ni wọ́n fi pààlà ọ̀nà àti ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n gbin koríko ọba sísàlẹ̀ rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni wọ́n ṣe é, kí gbòǹgbò lè mú ilẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọlé, àwa ọmọdé là ń pọnmi: igi kan, ọmọ kan. Fúrúùtù ẹ̀gbẹ́ kànǹga ni tèmi. Mo máa ń bomi rin ín kí n tó bọ́jú láàárọ̀.

Mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ tó lọ. Ìṣó mẹ́rìnlá ni mo kà lára fúrúùtù yẹn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi kan pátákó àti pósítà mọ́ ọn. Àwọn kan ti dípẹtà, èèpo igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn mì. Ìdí máńgòrò méjì tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti ń sun pàǹtí. Iná ti bó wọn lára lápá kan títí kan igi inú. Abẹ́ èèpo yẹn ni oúnjẹ ń gbà láti ewé lọ sí gbòǹgbò. Ọjọ́ tí iná bá bó o yíká, igi ti kú nìyẹn, bí ewé tilẹ̀ ṣì tutù lórí rẹ̀. Ibòmíràn, wọ́n rọ kọnkéré mọ́ ìdí igi kí èèyàn lè rí ibi jókòó. Omi ò rọ́nà wọlẹ̀ mọ́.

Ó dùn mí, nítorí iṣẹ́ àjọṣe ò ṣàjèjì sí wa. Erédò Súngbọ́, yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, gùn tó 160 kìlómítà, ó jìn tó 20 mítà níbòmíràn, ọwọ́ àwọn baba ńlá wa ló sì gbẹ́ ẹ. Láti 1995 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ rẹ̀ síwájú àjọ UNESCO kí wọ́n lè kà á mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ orúkọ àwọn tó di ọkọ́ mú sílẹ̀. Tiwa ò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ìyá kan ṣì wà ládùúgbò wa, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tó lè to àwọn igi náà níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gbìn ín. Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé; a ti dé igi kọkànlélógún.

Ẹ bá mi bẹ àwọn ará àdúgbò kí wọ́n gbé ààtàn kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì fọ́ kọnkéré yẹn. Ẹ bá mi bẹ ẹ̀yin ọmọ Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ìsinsìnyí pẹ̀lú. Aṣọ yín máa ń wù mí lọ́jọ́ ọdún Ojúde Ọba, mo sì máa ń fi yín yangàn. Bí ẹ bá ti ń dáwó aṣọ, ẹ yọ tìẹ́rẹ́ sọ́tọ̀ fún ọmọ igi. Àlàfo mẹ́fà ló wà létí ọ̀nà náà báyìí, òjò ò sì ní pẹ́ dé.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́-fẹ̀yìntì kan,
Ìjẹ̀bú-Òde